Àkọtọ́ Yorùbá àti Hangul

Ọba Sejong ti Kòríà ṣe lẹ́tà Hangul ní 1443, ó sì kéde rẹ̀ fún ará ìlú ní 1446, ṣùgbọ́n àwọn ọ̀mọ̀wé ààfin kò yéé fi lẹ́tà Ṣáínà kọ̀wé. Ó di 1894 kí ìjọba tó fi Hangul kọ ìwé àṣẹ. Irú rẹ̀ ṣẹlẹ̀ nílẹ̀ wa. Samuel Àjàyí Crowther tẹ ìwé ọ̀rọ̀ Yorùbá jáde ní 1843. Síbẹ̀, ní CMS Grammar School tó wà ní Bàrígà lónìí, tí Babington Macaulay, ọkọ ọmọ Crowther, dá sílẹ̀ ní 1859, Látìn àti Gíríìkì ló gbayì.

Àwọn kan á ní lẹ́tà òyìnbó ni tiwa, pé kò ṣeé fi wé ti Sejong. Òótọ́ ni, àmọ́ jíjẹ́ àbínibí kò gba Hangul lọ́wọ́ ẹ̀gàn fún irínwó ọdún ó lé. Ìwé títẹ̀ ló gbà á: ní 1896, ìwé ìròyìn Tongnip Sinmun fi Hangul nìkan bá ará Kòríà sọ̀rọ̀. Ní tiwa, Ìwé Ìròyìn ti Henry Townsend ti ṣe bẹ́ẹ̀ ní Abẹ́òkúta láti 1859, ọdún tí Macaulay ṣí ilé-ìwé rẹ̀ gan-an.