Fífi etí dá olórin jáàsì mọ̀

Eré ìfetísílẹ̀ ni èyí, níbi tí a ti ń gbé àwo orin sí ènìyàn létí láìdárúkọ olórin, kí ó lè sọ ẹni tó ń tẹ dùùrù, tó ń ta gìtá tàbí tó ń fun fèrè.

Leonard Feather, akọ̀wé orin tí wọ́n bí ní London, ló sọ ọ́ di ohun ìwé ìròyìn. Ó bẹ̀rẹ̀ eré náà lábẹ́ orúkọ Blindfold Test nínú ìwé ìròyìn Metronome ní 1946, ó sì gbé e lọ sí DownBeat ní 1951. Olórin ni wọ́n ń dán wò: á sọ èrò rẹ̀, á sì fún orin náà ní ìràwọ̀, márùn-ún ló pọ̀ jù. Ní 1951, Roy Eldridge, afunfèrè aláwọ̀ dúdú, fọwọ́ sọ̀yà pé etí òun á mọ aláwọ̀ dúdú yàtọ̀ sí aláwọ̀ funfun. Èyí tó ṣì pọ̀ ju èyí tó gbà lọ.

Ìró, ìdánudúró àti bí olórin ṣe ń bẹ̀rẹ̀ ohùn ni etí ń tọ̀. Àpẹẹrẹ kan ni Lionel Loueke, atagìtá jáàsì ọmọ orílẹ̀-èdè Benin, tí wọ́n bí ní 1973: ó máa ń ki bébà sáàárín okùn gìtá kí ìró rẹ̀ lè jọ ti kora, ohun èlò orin olókùn ti Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, ó sì máa ń mú kí ahọ́n rẹ̀ dún tà, tà bó ṣe ń kọrin.

Kì í ṣe jáàsì nìkan ni etí ń dá mọ̀ báyìí: ní Àjàṣẹ́, ìyẹn Porto-Novo, ní Benin kan náà, alounloun, ọ̀pá olórùka irin tó ń dún bíi ṣaworo, ló ń jẹ́ kí etí tètè mọ adjogan, orin ààfin ìlú náà.