Àṣẹ ìtọ́jú àfisílẹ̀

Ohun tí ènìyàn kọ sílẹ̀ nígbà tí ọpọlọ rẹ̀ ṣì pé ni: ìtọ́jú tó fẹ́ àti èyí tí kò fẹ́, bí àìsàn bá gba ohùn lẹ́nu rẹ̀. Kì í ṣe ìwé ìhágún. Ìyẹn di ẹ̀yìn ikú. Ní 2001, Ilé-Ẹjọ́ Tó Ga Jù Lọ ní Nàìjíríà dá Dókítà Okonkwo láre, ẹni tó bọ̀wọ̀ fún ìwé tí aláìsàn kan fọwọ́ sí pé òun kò gba ẹ̀jẹ̀. Ẹni tó bá ń wádìí èrò àwọn èèyàn nípa irú àṣẹ yìí ní Allen Avenue, ní Èkó, kó má fi ikú bẹ̀rẹ̀. “Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́!” ni wọ́n máa fi dá a lóhùn, ìyẹn kì í sì í ṣe ìdáhùn sí ìbéèrè ìtọ́jú. Kó bi wọ́n pé: “Bí ẹ kò bá lè sọ̀rọ̀, ta ni kí dókítà bi? Ìyàwó ni, àkọ́bí ni, àbí ẹ̀gbọ́n yín?”