Ìwọ̀ kékeré, okùn tínrín: Bí iṣẹ́ apẹja ṣe yí padà lórí ọ̀sà Ébrié ní Niangon

Ọ̀pọ̀ ọmọ Yorùbá tó ń gbé ní Abidjan, àwọn tí ará ibẹ̀ ń pè ní Anango, mọ Niangon sí àdúgbò ilé àti ọjà ní Yopougon. Ṣùgbọ́n kí ìgboro tó gbòòrò dé ibẹ̀, abúlé àwọn Ébrié ni, àwọn tó ń pe ara wọn ní Tchaman. Wọ́n ń dáko, wọ́n sì ń pẹja lórí ọ̀sà tó gùn tó nǹkan bíi 130 kìlómítà.

Nígbà náà, ara igi ọ̀pẹ àti igi ògùrọ̀ ni wọ́n ti ń lọ́ okùn ìwọ̀. Ó nípọn, ẹja ń rí i nínú omi, kì í sì í pẹ́ jẹrà. Okùn òwú tó dé lẹ́yìn rẹ̀ náà ń jẹrà.

Ní 1935 ni Wallace Carothers àti àwọn tó ń bá a ṣiṣẹ́ ní iléeṣẹ́ DuPont ní Amẹ́ríkà ṣe náílọ́ọ̀nù. Lẹ́yìn Ogun Àgbáyé Kejì, ó tàn dé ọwọ́ àwọn apẹja ilẹ̀ Áfíríkà. Okùn náà tínrín, ẹja kì í tètè rí i, omi kò sì lè bà á jẹ́.

Wàhálà rẹ̀ kan ni pé ó ń yọ̀. Kókó tó di okùn ọ̀pẹ mú dáadáa yóò tú lára náílọ́ọ̀nù. Apẹja ní láti ki okùn bọ ojú ìwọ̀, kó lọ́ ọ mọ́ ara rẹ̀ bíi ìgbà márùn-ún, kó dá etí rẹ̀ padà sínú ihò tó ṣẹ́kù, kó fi itọ́ rin ín, kó tó rọra fà á. Bó bá fà á ní gbígbẹ, yóò gbóná, ibẹ̀ gan-an ni yóò sì ti já nígbà tí ẹja ńlá bá gbé e. Bákan náà ni wọ́n ń ṣe ní Finland àti Canada, níbi tí wọ́n ti ń lu yìnyín kí wọ́n tó ju ìwọ̀ tí kò ju hóró ìrẹsì lọ sínú omi.

Ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, ọ̀pọ̀ ìwọ̀ ni wọ́n máa ń so mọ́ okùn gígùn kan. Ọṣẹ tí wọ́n gé wẹ́wẹ́ ni àwọn kan fi ń dẹ ọ̀bọ̀kún, tí ará Abidjan ń pè ní machoiron. Ó lè yà ọ́ lẹ́nu, àmọ́ ẹja náà ń jẹ ẹ́.

Iyọ̀ wọ omi

Ìjọba amúnisìn Faransé gbìyànjú láti la ọ̀nà omi ní Port-Bouët ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún ogún, iyanrìn dí i. Ti Vridi ló ṣí ní 1950, wọ́n sì ṣí èbúté Abidjan ní 1951. Omi òkun wá ń wọlé taara. Àárín ìlú ọ̀sà di oníyọ̀ ní ìgbà ẹ̀rùn, omi odò Comoé a sì fọ̀ ọ́ ní ìgbà ìkún omi. Ẹnu ọ̀sà ní Grand-Bassam, tí Comoé ń gbà dé òkun tẹ́lẹ̀, bẹ̀rẹ̀ sí í dí.

Lẹ́yìn náà ni àwọ̀n ńlá dé, tí ọ̀pọ̀ ọkùnrin ń fà lẹ́ẹ̀kan náà. Àwọn abúlé etí ọ̀sà fárí gá nítorí pé ó ń kó ọmọ ẹja mọ́ ìyá. Lójú tèmi, wọ́n jàre: ẹni tó yan ìwọ̀ ti yan bí ẹja rẹ̀ yóò ṣe tóbi tó.

Lónìí, ìdọ̀tí ilé àti iléeṣẹ́ ń ṣàn sínú ọ̀sà náà. Okùn ọ̀pẹ tó bá já nígbà kan rí ti jẹrà tipẹ́. Náílọ́ọ̀nù tó bá já kò ní jẹrà bẹ́ẹ̀. Ó lè wà nísàlẹ̀ omi fún ọ̀pọ̀ ọdún, kí ẹja ṣì máa há sí i.