Ẹ Kú: Kíkí Tó Di Orúkọ Ẹni

Bí ẹ bá ní kí ẹ ka iye "ẹ kú" tí a óò sọ níbi ayẹyẹ ọdún kẹwàá yìí, ẹ ó kà á tì. Ìlú kan wà tó jẹ́ pé ọ̀rọ̀ yìí gan-an ni wọ́n fi sọ àwọn èèyàn wa lórúkọ.

Freetown ni, nílẹ̀ Sàró. Lẹ́yìn tí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì fòfin de òwò ẹrú ní 1807, ọkọ̀ ogun wọn ń gba àwọn tí wọ́n ń kó lọ lójú òkun, wọ́n ń sọ̀ wọ́n kalẹ̀ níbẹ̀. Ọmọ Ọ̀yọ́ wà nínú wọn, Ẹ̀gbá wà, Ìjẹ̀bú wà, Ìjẹ̀ṣà náà wà. Nílé, wọn kò ka ara wọn sí ọmọ ìyá kan. Ogun tilẹ̀ wà láàárín ọ̀pọ̀ wọn. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá pàdé ní òwúrọ̀, "ẹ kú àárọ̀" ni. Bí wọ́n bá bá ara wọn lẹ́nu iṣẹ́, "ẹ kú iṣẹ́" ni. Àwọn tí kò gbọ́ èdè wa gbọ́ "kú, kú" títí, wọ́n bá sọ gbogbo wọn ní Àkú. Nígbà tí Koelle, míṣọ́nnárì ọmọ Jámánì, tẹ ìwé ńlá rẹ̀ lórí èdè Áfíríkà jáde ní 1854, Àkú ló pè wá. "Yorùbá" kò tẹ́ ẹ lọ́rùn. Ó ní ẹ̀yà kan péré nínú wa ló ń jẹ́ bẹ́ẹ̀. Kò purọ́. Láyé ìgbà yẹn, ẹni tó bá pe Ìjẹ̀bú ní Yorùbá, ará Ọ̀yọ́ ló pè é.

Ní Kúbà, wọ́n di Lukumí. Ní Bahia, wọ́n di Nàgó. Lẹ́yìn tí àwọn Mùsùlùmí dìtẹ̀ ní Salvador ní 1835, Nàgó ni ilé ẹjọ́ kọ sí iwájú orúkọ èyí tó pọ̀ jù nínú àwọn tí wọ́n mú. Ọmọ-ọmọ tó bá ń wá orírun rẹ̀ lónìí, ibẹ̀ ni ọ̀nà ti ń dí mọ́ ọn: ìlú wo ni bàbá ti wá?

Àwa náà kò mọ́ nínú rẹ̀. Nínú ẹgbẹ́ wa yìí, ẹnì kan ń jẹ́ Kánò, ọdún méjì péré ló sì lò ní Kánò. (Ó ti ń rẹ́rìn-ín báyìí.) Nígbà tí àwọn ọmọ wa ti Brazil padà sí Èkó, tàwọn ti iṣẹ́ káfíńtà àti iṣẹ́ bíríkìlà lọ́wọ́, a kò pè wọ́n ní ọmọ wa tó dé. Àgùdà la pè wọ́n, a sì pe ṣọ́ọ̀ṣì wọn ní Ìjọ Àgùdà. Mo bi àbúrò ìyàwó mi léèrè, tó ti ń lọ síbẹ̀ láti kékeré, pé ta ni Àgùdà. Ó ní òun rò pé bí Yorùbá ṣe ń pe Kátólíìkì nìyẹn.