Ìlù nínú Ìsìn Ìgbàgbọ́: Láti Àgbádárìgì dé Alímọ̀ṣọ́

Nígbà tí àwọn ajíhìnrere Mẹ́tọ́díìsì àti ti C.M.S. gúnlẹ̀ sí Àgbádárìgì ní ọdún 1842, orin ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n kó wá, wọn kò sì gba ìlù láyè nínú ilé ìsìn, nítorí pé púpọ̀ nínú ìlù Yorùbá ló ní òrìṣà tirẹ̀. Bàtá, tí ojú kan rẹ̀ tóbi ju èkejì, jẹ́ ti Ṣàngó. Ìgbìn, ìlù ẹlẹ́sẹ̀, jẹ́ ti Ọbàtálá. Àwọn ìdílé onílù pàápàá a sì máa júbà Àyàn Àgalú, òrìṣà ìlù, kí wọ́n tó gbé ọ̀pá ìlù. Ìlù a máa kí ni, a sì máa bú ni, ẹni tí kò gbédè rẹ̀ kò sì lè mọ ẹni tí ó ń yìn lójú pẹpẹ.

Síbẹ̀, orin Gẹ̀ẹ́sì tí wọ́n kó wá mú àdánù wá, nítorí pé nígbà tí a fi ọ̀rọ̀ Yorùbá sínú orin òyìnbó, ohùn orin ń sọ̀kalẹ̀ níbi tí ohùn ọ̀rọ̀ ti ń gòkè, ìtumọ̀ sì ń dàrú lẹ́nu àwọn akọrin. Alùfáà J. J. Ransome-Kuti ti Abẹ́òkúta, tí wọ́n gba ohùn rẹ̀ sínú àwo rẹ́kọ́ọ̀dù ní Lọ́ńdọ̀nù ní 1922, wà lára àwọn tí wọ́n fi ohùn ilẹ̀ wa kọ orin ìsìn. T. K. E. Phillips, tí ó di atẹdùùrù Kàtídírà Màrínà ní 1914, ṣàlàyé ọ̀ràn náà nínú ìwé rẹ̀, Yoruba Music, ní 1953. Bí orin bá sì ti tẹ̀lé ohùn ọ̀rọ̀, dùndún kò lè pẹ́ dé, nítorí iṣẹ́ dùndún gan-an nìyẹn: onílù a máa fún ọṣán rẹ̀ kí ohùn lè lọ sókè sódò bí ẹni ń sọ̀rọ̀.

Ìyapa àwọn ìjọ Áfíríkà kúrò lọ́dọ̀ ìjọ àwọn ajíhìnrere ní Èkó ní 1891 àti 1901 jẹ mọ́ àṣẹ ju orin lọ. Àwọn Aládùúrà ló ṣílẹ̀kùn gbayawu fún ìlù, pàápàá Kérúbù àti Séráfù, tí Mósè Orímọládé àti Abíọ́dún Akínṣọ̀wọ́n dá sílẹ̀ ní 1925, níbi tí àtẹ́wọ́ àti ijó ti jẹ́ ara àdúrà. Ohun èlò tí kò ní òrìṣà kan pàtó, bí agogo, ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀ àti sáḿbà, ìlù onígun mẹ́rin tí àwọn Àgùdà mú ti Bràsíìlì bọ̀, ló rọrùn jù láti gbà. Bàtá ló ṣòro jù. Ìjọ Kátólíìkì ní tiwọn fi òfin gba ohun èlò ìbílẹ̀ láyè nínú ìpàdé Fátíkàn, ní 1963.

Ní Ìkòtún, Ẹgbẹ́dá àti Ìgándò ní Alímọ̀ṣọ́, àwọn ìlú tí Èkó gbòòrò dé tí ó sì bò, gbogbo ìtàn yìí ti kó jọ sí àdúgbò kan náà, gángan sì ń bá ìlù òyìnbó ṣiṣẹ́ pọ̀ lábẹ́ òrùlé kan. Mùsùlùmí ni ọ̀pọ̀ ọmọ Àyàn nílẹ̀ Yorùbá, èyí kò sì dí wọn lọ́wọ́ láti lu ìlù ìdúpẹ́ ní ṣọ́ọ̀ṣì. Ẹjọ́ tí ó kù wà lọ́dọ̀ LASEPA, àjọ ìjọba Èkó tí ń mójútó àyíká, tí ó ti ti àwọn ilé ìsìn pa nítorí ariwo, ẹ̀rọ gbohùngbohùn tí a gbé kọ́ síta ni wọ́n sì ń bá wí jù.