"Ta ló fi ọ́ ṣe ọlọ́pàá?": ìtàn bí a ṣe ń sọ fún dírẹ́bà pé kó rọra

1/ Dírẹ́bà ń sáré àsápajúdé. Fóònù wà létí ẹ̀. Èrò mẹ́rìnlá ló wà nínú bọ́ọ̀sì, gbogbo wọn ń gbàdúrà nínú, kò sẹ́ni tó la ẹnu. Kí ló dé? Ìbéèrè yìí ní ìtàn o, ìtàn náà sì kan Ṣóyínká, sójà, igbá àti sítíkà. Ó gùn díẹ̀. Ẹ bá mi ká lọ.

2/ Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ látorí orúkọ. Kí danfó tó gbòde, ọkọ̀ tí àwọn bàbá wa àgbà ń wọ̀ ni bọ́lẹ̀kájà: lọ́rì tí wọ́n fi pákó kan ara ẹ̀, tí wọ́n to bẹ́ǹṣì sínú ẹ̀. Ẹ tún orúkọ yẹn kà: bọ́ sílẹ̀ ká jà. Orúkọ ọkọ̀ nìyẹn o! Ìjà láàárín èèyàn tí ò mọra rí ti wà nínú ìrìnàjò wa tipẹ́.

3/ Ṣùgbọ́n ẹ wo nǹkan tá a máa ń jà lé lórí: owó ọkọ̀, ṣéńjì, àyè ìjókòó. Ìyẹn ò tíì yí padà. Èèyàn lè torí ṣéńjì da gbogbo ọkọ̀ rú láti Òṣòdì dé Ìyánà-Ìpájà. Àmọ́ tí dírẹ́bà bá ń fi ẹ̀mí wa ṣeré, kẹ́kẹ́ á pa mọ́ gbogbo wa lẹ́nu.

4/ Kì í ṣe pé àṣà wa ní ká dákẹ́. "Àgbà kì í wà lọ́jà kórí ọmọ tuntun wọ́." Gbogbo wa la mọ òwe yìí, ṣùgbọ́n ẹ tún un wò dáadáa: ọjà ni wọ́n sọ, wọn ò sọ ilé. Ọmọ yẹn kì í ṣe ọmọ àgbà náà. Ó lè má mọ ìyá ọmọ náà rí. Ohun tí òwe ń sọ ni pé tí ewu bá wà níta gbangba, ẹni tó rí i lọ̀rọ̀ kàn.

5/ Wàhálà ibẹ̀ ni pé nínú ọjà àtijọ́, gbogbo èèyàn mọ ẹni tó jẹ́ àgbà. Nínú bọ́ọ̀sì ńkọ́? Tí ìyá kan bá ní "dírẹ́bà, rọra o", èsì ti wà nílẹ̀: "Màmá, tẹ́ ẹ bá ń bẹ̀rù, ẹ bọ́lẹ̀, ẹ lọ wọ tasí." Tó bá jẹ́ ọ̀dọ́ ló sọ̀rọ̀: "Ta ló fi ọ́ ṣe ọlọ́pàá?" Ẹ di ìbéèrè yẹn mú. Òun ni gbogbo ìtàn yìí ń yí ká.

6/ Ó di àwọn ọdún 1970. Owó epo ti wọlé. Ní ọjọ́ 2 oṣù kẹrin 1972, Nàìjíríà fi apá òsì sílẹ̀, a bẹ̀rẹ̀ sí í wakọ̀ lápá ọ̀tún. Ní 1975, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í to Peugeot ní Kàdúná, wọ́n ń to Volkswagen l'Ékòó. Ọdún yẹn náà ni owó Udoji bọ́ sọ́wọ́ àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba. Ọkọ̀ pọ̀ lójú títì, eré náà pọ̀. Òkú náà sì ń pọ̀.

7/ Àdúrà tá a ní nígbà yẹn náà la ṣì ní títí dòní: ká má rìn lọ́jọ́ tébi ń pa ọ̀nà. Mi ò bá àdúrà jà, mo ń ṣe àmín. Ṣùgbọ́n ẹ kíyè sí i pé nínú àdúrà yẹn, ọ̀nà ló ń pa èèyàn. Dírẹ́bà tó mutí yó kí ó tó jókòó sídìí sítíárì ò sí níbẹ̀ rárá.

8/ Ọkùnrin kan wà ní Yunifásítì Ifẹ̀ tó mọ ọ̀rọ̀ ọ̀nà dunjú. Wọlé Ṣóyínká. Ó ti kọ eré oníṣe The Road láti 1965, ọ̀rọ̀ lọ́rì, dírẹ́bà àti ikú ló kún inú ẹ̀. Ṣùgbọ́n ní Ifẹ̀, ikú náà kúrò lórí ìtàgé. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ àtàwọn olùkọ́ tí òun pẹ̀lú wọn jọ wà nílé ìwé ń kú lójú ọ̀nà Ìbàdàn sí Ifẹ̀.

9/ Ní 1977, ìjọba ológun ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ dá Oyo State Road Safety Corps sílẹ̀, Ṣóyínká sì ni òpó tó gbé e ró. (Nígbà yẹn, Ọ̀ṣun ò tíì kúrò lára Ọ̀yọ́, abẹ́ Ọ̀yọ́ ni Ifẹ̀ wà.) Àwọn ará ìlú sọ wọ́n lórúkọ: Maja-maja. Tẹ́ ẹ bá ní bàbá àgbà n'Ìbàdàn, ẹ béèrè lọ́wọ́ wọn. Ẹ̀rín ni wọ́n á kọ́kọ́ rín.

10/ Ẹ jẹ́ kó yé yín bí nǹkan yìí ṣe ṣàjèjì tó. O ń ya ọkọ̀ sílẹ̀ lórí kọ́nà tó ò ti rí iwájú, ni ẹnì kan bá dá ọ dúró. Kì í ṣe ọlọ́pàá, kì í ṣe sójà. Olùkọ́ yunifásítì ni, onírun wúruwùru. Ṣóyínká fúnra ẹ̀ máa ń jáde sójú ọ̀nà. Ìbéèrè tó wà lẹ́nu gbogbo dírẹ́bà ò le rárá: "Kí ló kàn ọ́ níbẹ̀?"

11/ Èsì tí ẹgbẹ́ yẹn mú wá ni pé ọ̀nà yìí, gbogbo wa la ni ín, torí náà ọ̀rọ̀ ẹ̀ kan gbogbo wa. Àmọ́ wọn ò fi ẹnu nìkan sọ ọ́. Òfin ìpínlẹ̀ wà lẹ́yìn wọn, ẹlẹgbẹ́ wọn wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn. Àgbà tó dá dúró lọ́jà ti di àgbà tó ní àtìlẹ́yìn. Nǹkan sì sàn sí i lójú ọ̀nà ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́. Ní 1983, ìjọba àpapọ̀ tú wọn ká.

12/ Ọjọ́ tó parí ọdún 1983 yẹn ni sójà gbàjọba. Ní oṣù kẹta 1984, Buhari àti Ìdíàgbọn gbé War Against Indiscipline jáde. Ohun àkọ́kọ́ tí wọ́n gbájú mọ́ ni títò sórí ìlà. Sójà dúró ní bọ́sítọ́ọ̀bù pẹ̀lú kòbókò. O bá ya ìlà, wàá fò bí ọ̀pọ̀lọ́ lójú gbogbo èèyàn.

13/ Ó ṣiṣẹ́ o! Àwọn òbí wa ṣì ń sọ ọ́ bí ẹni ń pa àlọ́: "Ní Nàìjíríà yìí, a tò!" Ní oṣù kẹjọ 1985, sójà mìíràn lé ti àkọ́kọ́ lọ. Ìlà ńkọ́? Ẹ lọ sí bọ́sítọ́ọ̀bù èyíkéyìí ní aago mẹ́fà ìrọ̀lẹ́, kẹ́ ẹ padà wá sọ fún mi.

14/ Ẹ̀kọ́ yẹn ti wà nílẹ̀ láti ayé òyìnbó. Àwọn wolé-wolé máa ń wọ ilé onílé láti yẹ ìkòkò omi wò, torí ẹ̀fọn. Tí wọ́n bá ti gbọ́ pé "wolé-wolé ń bọ̀", kíá, àwọn ìyá á da omi nù, wọ́n á gbálẹ̀. Ó bá lọ tán, omi padà. Ẹ̀fọn ò sì bìkítà pé ìjọba ṣẹ̀ṣẹ̀ wá. Ẹni tí ìbẹ̀rù nìkan kọ́ ní nǹkan, ẹni tó ń bẹ̀rù ló ń wò, kì í wo ewu.

15/ Ó di oṣù kejì 1988. Ìjọba Babangida fi Òfin 45 dá FRSC sílẹ̀, àjọ ẹ̀ṣọ́ ojú pópó tá a mọ̀ lónìí. Ta ni wọ́n fi ṣe alága ìgbìmọ̀ àkọ́kọ́? Ṣóyínká náà ni. Ó ti gba ẹ̀bùn Nobel ní 1986, ó tún padà wá dúró sójú títì. Olú Agúnlóyè ni ọ̀gá àgbà àwọn ẹ̀ṣọ́ náà àkọ́kọ́.

16/ Ohun tó wù mí jù nínú FRSC ni àwọn Special Marshal: àwọn aráàlú tó yọ̀ǹda ara wọn láìgba owó oṣù, kí wọ́n lè bá ẹni tí wọn ò mọ̀ rí sọ̀rọ̀ lójú ọ̀nà. Èrò 1977 yẹn ló ṣì wà láàyè níbẹ̀.

17/ Ṣùgbọ́n àṣẹ nìkan kì í tó. Ní ọjọ́ 1 oṣù kìíní 2009, òfin dé pé ọlọ́kadà àti èrò ẹ̀ gbọ́dọ̀ dé akoto. Ẹ mọ nǹkan tó ṣẹlẹ̀? Àwọn kan ní Kánò dé igbá! Igbá gidi, tí wọ́n so mọ́ àgbọ̀n. Àwọn èrò mìíràn ní àwọn ò dé akoto ọlọ́kadà, kí wọ́n má baà fi oògùn gbé àwọn.

18/ Ẹ rẹ́rìn-ín, mo rín tèmi. Àmọ́ ẹ wo ìtumọ̀ ẹ̀. Ojú ẹ̀ṣọ́ ni igbá yẹn wà fún. Láti òkèèrè, ó jọ akoto. Tí orí bá wá kanlẹ̀ ńkọ́? Èrò tó wà lẹ́yìn ọ̀kadà, tí ẹ̀mí òun náà wà nínú ewu, wo igbá yẹn, ó gun ọ̀kadà, kò sọ nǹkan kan.

19/ Níbí yìí, ẹ jẹ́ ká sáré dé Kẹ́ńyà, torí lásìkò yẹn gan-an, àwọn kan níbẹ̀ mú ọ̀rọ̀ èrò ọkọ̀ yìí, wọ́n dán an wò. Ọkọ̀ tiwọn ni matatu, ọmọ ìyá danfó. Eré kan náà, ariwo kan náà. Ní 2004, mínísítà John Michuki ti fi òfin líle dè wọ́n: bẹ́líìtì fún gbogbo èrò, ẹ̀rọ tí ò ní jẹ́ kí ọkọ̀ kọjá 80 kìlómítà ní wákàtí kan. Síbẹ̀, èèyàn ṣì ń kú.

20/ Ní 2008, olùwádìí méjì láti Yunifásítì Georgetown, James Habyarimana àti William Jack, lẹ sítíkà sínú matatu tó ń rin ọ̀nà jíjìn, ó lé ní 1,000. Kò sí òfin tuntun, kò sí ọlọ́pàá. Sítíkà náà kàn ń sọ fún èrò pé tí dírẹ́bà bá ń wakọ̀ ìwàkuwà, kí wọ́n má dákẹ́, kí wọ́n sọ fún un. Dírẹ́bà tí ò bá ya sítíkà náà lè jẹ lọ́tìrì.

21/ Wọ́n wá lọ wo ìwé àwọn iléeṣẹ́ inṣọ́ránsì, lórí ọkọ̀ tó lé ní 2,000. Tẹ́lẹ̀, nínú ọkọ̀ 100, bíi 10 ló ń bèèrè owó ìjàǹbá lọ́dún. Nínú àwọn ọkọ̀ tó ní sítíkà, iye yẹn já wálẹ̀ láti ìdajì dé ìdá méjì nínú mẹ́ta. Èyí tó ní ikú tàbí ìfarapa nínú dín kù ní ìdajì, ó kéré tán. Torí bébà tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ara ọkọ̀!

22/ Wọ́n tún un ṣe pẹ̀lú ọkọ̀ tó pọ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ, wọ́n pè é ní Zusha! Àbájáde ẹ̀ jáde ní 2015. Èrè ọ̀tẹ̀ yìí kéré sí ti àkọ́kọ́: ìdá kan nínú mẹ́rin sí ìdá kan nínú mẹ́ta ni owó ìjàǹbá fi dín kù. Ṣùgbọ́n ẹ̀mí èèyàn ló wà nínú ìdá yẹn.

23/ Kí ló dé tó fi ṣiṣẹ́? Èrò tèmi rèé. Sítíkà yẹn dáhùn "ta ló fi ọ́ ṣe ọlọ́pàá?" kí dírẹ́bà tó béèrè. Ara ọkọ̀ ẹ̀ ló ní kí n sọ̀rọ̀. Gbogbo wa la kà á, mo sì mọ̀ pé ìwọ tó o jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi náà kà á. Tí mo bá lanu, mi ò dá wà.

24/ Ẹ wá so gbogbo ẹ̀ pọ̀. Àgbà ọjà: gbogbo ọjà wà lẹ́yìn ẹ̀. Maja-maja: ẹgbẹ́ àti òfin. Sítíkà: gbogbo èrò ọkọ̀. Níbi tọ́rọ̀ ti lẹ́sẹ̀ nílẹ̀, ẹni tó sọ̀rọ̀ ní àtìlẹ́yìn. Kòbókò àti igbá? Ẹni tó láṣẹ dá dúró sí apá kan, àwọn tí ewu kàn ń wòran lápá kejì.

25/ Mi ò ní tàn yín o. Ẹni tó bá kọ́kọ́ sọ̀rọ̀ lè gba èébú. Wọ́n lè já obìnrin sílẹ̀ lójú ọ̀nà lálẹ́ torí pé ó ní "rọra". Kì í ṣe gbogbo ẹni tó dákẹ́ ni ojo. Ìdí nìyẹn tí mo fi rò pé ẹnì kejì ló ṣe pàtàkì jù. Ẹni àkọ́kọ́, "aláròyé" ni wọ́n á pè é. Tí ẹnì kejì bá ní "òótọ́ ni, dírẹ́bà, ẹ rọra", ó ti di ọ̀rọ̀ ọkọ̀.

26/ Torí náà: ẹ tètè sọ̀rọ̀, kí eré tó pọ̀ jù. Ẹ kí i kẹ́ ẹ tó bá a wí. Ẹ sọ pé "a", ẹ má sọ pé "mo": "Ọ̀gá, ẹ kú iṣẹ́ o, a bẹ̀ yín, a fẹ́ délé." Ẹ má bú u, ẹ má fọwọ́ kàn án, orí eré ló wà. Tí ò bá gbọ́, ẹ jọ bọ́lẹ̀ níbi tó bá láàbò. Nọ́ńbà FRSC ni 122.

27/ Àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ̀yà. Bọ́lẹ̀kájà ti wà tipẹ́, ìjà torí ṣéńjì ti tó. Nígbà tẹ́ ẹ gbọ́ "dírẹ́bà, rọra" kẹ́yìn nínú ọkọ̀, ta ló gbè é lẹ́yìn? Ẹ sọ tiyín nísàlẹ̀. Ẹ sì fi ránṣẹ́ sí ẹni tó máa wọ ọkọ̀ lọ́la.