Owó Wẹ́wẹ́ Ayé Àtijọ́ ní Ìkòròdú àti Ẹ̀pẹ́

Nínú ìwé ọdọọdún yìí, ìtàn àwọn ọba, àwọn ìjòyè àti ogun ni a sábà máa ń kà. Ní ọdún yìí, ohun tí a fẹ́ sọ ìtàn rẹ̀ kò tóbi ju èékánná ọwọ́ lọ, ṣùgbọ́n ó ti gba ọwọ́ gbogbo wa kọjá: èyí ni owó onírin tí àwọn ìyá wa máa ń so mọ́ etí aṣọ bí wọ́n bá ń ti ọjà bọ̀. Ọ̀rọ̀ náà kò ṣeé fi falẹ̀ mọ́. Àwọn tí ń ra irin àlòkù ń lọ láti ojúlé dé ojúlé, wọ́n sì ń wọn owó wọ̀nyí pọ̀ mọ́ ìkòkò tí ó ti jò. Àwọn àgbà tí wọ́n ná an, tí wọ́n sì mọ ohun tí a fi ń rà, ń dínkù lọ́dọọdún.

Kí owó onírin tó dé, owó ẹyọ ni àwọn baba wa ń ná. Ogójì ẹyọ ni okùn kan. Àádọ́ta okùn ni ẹgbàá. Ẹgbàá mẹ́wàá sì ni ọ̀kẹ́ kan. Nígbà tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì lé Ọba Kòsọ́kọ́ kúrò ní Èkó ní oṣù Kejìlá ọdún 1851, Ẹ̀pẹ́ ni òun àti àwọn ènìyàn rẹ̀ wá fi ṣe ibùdó. Nínú àdéhùn tí ó bá Campbell, aṣojú ìjọba Gẹ̀ẹ́sì, ṣe ní Ẹ̀pẹ́ ní ọdún 1854, owó ẹyọ àti dọ́là ni wọ́n fi ka owó ọdọọdún tí wọ́n ṣèlérí fún un. Èyí fi hàn pé owó fàdákà ilẹ̀ òkèèrè ti di mímọ̀ ní etí ọ̀sà wa kí Èkó tó bọ́ sí ọwọ́ Gẹ̀ẹ́sì ní 1861. Ní oṣù Karùn-ún ọdún 1892, Ẹ̀pẹ́ náà ni àwọn ọmọ ogun Gẹ̀ẹ́sì gúnlẹ̀ sí kí wọ́n tó gbéra lọ bá Ìjẹ̀bú jà nítorí ọ̀rọ̀ ojú ọ̀nà òwò. Ọdún 1894 ni Ìkòròdú wọ abẹ́ ààbò wọn. Láti ìgbà náà ni ṣílè ti ń wọ ọjà wa lẹ́sẹẹsẹ. Àwọn àgbà kò sì sọ ìṣirò wọn nù: wọ́n ka ẹgbàá sí sísì kan, wọ́n sì ka ọ̀kẹ́ kan sí ṣílè márùn-ún.

Ó tọ́ kí a rán àwọn ọ̀dọ́ létí orúkọ wọ̀nyí. Ọ̀níní mẹ́wàá ni kọ́bọ̀ kan. Ẹ́pìnì ni ìdajì kọ́bọ̀. Kọ́bọ̀ mẹ́ta ni tọ́rọ́. Mẹ́fà ni sísì. Méjìlá ni ṣílè. Ogún ṣílè sì ni pọ́n-ùn kan. Ọ̀níní, ẹ́pìnì àti kọ́bọ̀ ní ihò ní àárín, ìràwọ̀ onígun mẹ́fà sì wà ní ẹ̀yìn wọn. Ihò náà bá àṣà wa mu, nítorí ẹni tí ó ti ń so owó ẹyọ mọ́ okùn kò ní kọ́ bí a ti ń so kọ́bọ̀. Ẹni tí ó bá rí èyí tí wọ́n ṣe ní ọdún 1907, kí ó kà á dáadáa: yóò rí orúkọ Nàìjíríà ní ara rẹ̀, ọdún méje kí Lugard tó pa Àríwá àti Gúúsù pọ̀ ní 1914. Ọ̀níní àkọ́kọ́ wọ̀nyẹn jẹ́ irin funfun fúyẹ́, irú èyí tí a fi ń ṣe ìkòkò ìgbàlódé.

Ní 1912, wọ́n dá ìgbìmọ̀ kan sílẹ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù tí yóò máa ṣe owó kan ṣoṣo fún Nàìjíríà, Gold Coast, Sierra Leone àti Gambia. Nítorí náà, oníṣòwò tí ó bá ti Ẹ̀pẹ́ dé Àkrá yóò ná ṣílè kan náà níbẹ̀. Fàdákà gidi ni ṣílè náà ní ìbẹ̀rẹ̀, tí igi ọ̀pẹ sì wà ní ara rẹ̀. Lẹ́yìn ogun àgbáyé kìíní, fàdákà wọ́n, láti 1920 sì ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ sí fi irin pupa bí idẹ ṣe é. Ẹ má ṣe yà á lẹ́nu bí ti fàdákà bá ṣọ̀wọ́n nínú àpótí àwọn ìyá yín. Ọ̀pọ̀ ti di òrùka àti ẹ̀gbà lọ́wọ́ alágbẹ̀dẹ.

Èyí tí a fẹ́ràn jù nínú gbogbo wọn ni kọ́bọ̀ ọdún 1936. Ní oṣù Kìíní ọdún náà ni Edward Kẹjọ gorí oyè ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ní oṣù Kejìlá, ó fi oyè sílẹ̀ nítorí obìnrin tí ó fẹ́ fi ṣe aya. Wọn kò dé e ládé. Ní ilẹ̀ rẹ̀ gan-an, a kò kó owó kankan tí ó ní orúkọ rẹ̀ jáde fún níná, nítorí àwòrán orí rẹ̀ kò tíì délẹ̀. Ṣùgbọ́n owó tiwa tí ó ní ihò kò ní àyè fún orí ọba. Adé àti orúkọ nìkan ni ó gbà. Báyìí ni wọ́n ṣe ṣe ọ̀níní, ẹ́pìnì àti kọ́bọ̀ pẹ̀lú orúkọ EDWARDVS VIII, tí wọ́n sì kó wọn wá sí Ìwọ̀ Oòrùn Áfíríkà. Ìyá tí ń ta ẹja ní etí ọ̀sà ń fi orúkọ ọba tí kò dé adé ṣe ṣénjì, nígbà tí ará Lọ́ńdọ̀nù kò rí irú rẹ̀ nínú àpò. Bí lẹ́tà H tàbí KN kékeré bá wà ní ara rẹ̀, Birmingham ni wọ́n ti ṣe é. Bí kò bá sí, Lọ́ńdọ̀nù ni. A gbọ́dọ̀ sọ òtítọ́ kan: ẹgbẹẹgbẹ̀rún lọ́nà ẹgbẹ̀rún ni wọ́n ṣe. Ẹni tí ó bá sọ fún yín pé ọ̀kan ṣoṣo yóò kọ́ ilé fún yín, ẹ má ṣe gbà á gbọ́.

Owó Nàìjíríà fúnra rẹ̀ ni ó tẹ̀ lé e. Báńkì Àpapọ̀ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní oṣù Keje ọdún 1959, owó ọdún náà sì gbé irè oko wa jáde: òwú ní ara tọ́rọ́, kòkó ní ara sísì, ẹ̀pà ní ara ṣílè méjì. Nàìjíríà di orílẹ̀-èdè olómìnira tí kò ní ọba Gẹ̀ẹ́sì lórí mọ́ ní 1963, síbẹ̀ orúkọ Elizabeth ń bẹ nínú àpò wa títí náírà fi dé ní ọjọ́ kìíní oṣù Kìíní ọdún 1973. Ṣílè mẹ́wàá di náírà kan. Orúkọ tí àwọn ará ọjà ti ń pe pẹ́nì láti ọjọ́ pípẹ́, ìyẹn kọ́bọ̀, ni ìjọba wá fi sọ owó tuntun náà. Àwọn ti 1991 kéré, irin tí a fi nǹkan bò sì ni wọ́n. Òòfà yóò gbé wọn. Owó náírà kan àti méjì ti 2007 kò pẹ́ lọ́jà rárá, nítorí awakọ̀ àti ọlọ́jà kọ̀ wọ́n.

Ẹ̀yin ọmọ wa tí ó wà ní Lọ́ńdọ̀nù kò ṣàì mọ iṣẹ́ yìí. Ẹ ń rí i bí àwọn ènìyàn ti ń yẹ ṣénjì wò nítorí 50p ọgbà Kew ti ọdún 2009, tí 210,000 péré jáde fún níná. Àwọn tí ó wà ní Amẹ́ríkà rí i bí ọmọdé àti àgbà ti ń ṣa kọ́tà ìpínlẹ̀ àádọ́ta jọ láàárín 1999 sí 2008. Ọ̀pọ̀ wọn kò rà á lọ́jà. Inú ṣénjì ni wọ́n ti ń ṣà á. Tiwa kò sí nínú ṣénjì mọ́, abẹ́ ẹní, inú kòlò àti ìsàlẹ̀ àpótí ni ó wà.

Ìbéèrè ẹgbẹ́ nìyí. Bí ẹ bá rí i, ẹ má ṣe fi ọsàn wẹ́wẹ́ tàbí eérú fọ̀ ọ́. Fífọ̀ ń ba ara rẹ̀ jẹ́. Ẹ fi sínú ìwé, kí ẹ sì kọ ojúlé tí ẹ ti rí i, ọjà tí ẹni tí ó ni ín ń ná, ìbá à ṣe Olúwo ní Ẹ̀pẹ́ tàbí ọjà Ìkòròdú, àti ohun tí ó lè rántí pé ó fi rà. Ẹ bi ìyá yín nígbà tí ẹ lè bi í. Àwọn tí ó wà lẹ́yìn odi lè ya àwòrán iwájú àti ẹ̀yìn rẹ̀ ránṣẹ́ sí akọ̀wé. Owó náà yóò wà lọ́wọ́ ẹni tí ó ni ín. Kọ́bọ̀ 1936 ti ń wọlé díẹ̀díẹ̀. Èyí tí a ṣì ń wá ni ọ̀níní funfun fúyẹ́ ti 1907 àti 1908, àti ṣílè fàdákà èyíkéyìí tí alágbẹ̀dẹ kò tíì yọ́.